Olúbùkọ́lá Wá Ọmọ Rẹ̀ Dé Matagalpa

Nígbà tí wọ́n dá Olúbùkọ́lá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù September ọdún 2015, kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ẹnikẹ́ni ọ̀hún kò ju ẹyọ ẹnì kan lọ: Ìtùnúolúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé nínú basement, yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé tí àwọn méjèèjì háyà ní Pineridge, àdúgbò kan ní Calgary ní Canada.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ epo kan ní downtown. Òun ló ń tọ́jú gbogbo àwòrán tí àwọn ẹnjiníà ń yà, èyí tó ń sọ páìpù tó gba ibí kọjá àti èyí tó gba ọ̀hún. Ó fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó sì mọ ibi tí gbogbo wọn wà. Bí ọ̀gá kan bá ń wá ìwé tí kò sẹ́ni tó rí i mọ́, tábìlì Olúbùkọ́lá ló máa ń kọ́kọ́ yà sí. Àmọ́ owó epo já wálẹ̀ lágbàáyé, ó ń já lọ, ilé-iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, wọ́n pè é sínú yàrá kékeré, wọ́n fi àpò ìwé kan lé e lọ́wọ́, ọkùnrin security sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ kò lè wo ojú rẹ̀. "Take care, Bukola," ló sọ, ó sì gba káàdì ìwọlé tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Nítorí Ìtùnú ló ṣe pa á mọ́ra. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì lọ́dún yẹn ni. Geology, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta, ló kà, ìyá rẹ̀ ló sì ní kó kà á. Nígbà tó wọlé, àwọn ilé-iṣẹ́ epo ń du irú wọn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa jáde, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn mọ́. Olúbùkọ́lá rò ó pé bí ọmọ yìí bá gbọ́ pé ìyá òun pàápàá ti bọ́ síta, ìrètí tó kù lára rẹ̀ á gbẹ. Nítorí náà, láràárọ̀, ó ń wẹ̀, ó ń wọ kóòtù, ó ń gbé oúnjẹ ọ̀sán dání. Á wọ bọ́ọ̀sì dé Rundle station, á bọ́ sínú train lọ sí downtown, á sì jókòó sí library títí di ìrọ̀lẹ́, á máa kọ̀wé wáṣẹ́ síbi tí kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin.

Ní January, ilé-iṣẹ́ kékeré kan pè é fún interview. Ó gbéra lórí yìnyín, ó débẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde wá sọ fún un pé ẹ má bínú, àwọn ti fagi lé ipò náà láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Kò lè padà sí library. Ó darí sílé lọ́sàn-án gangan, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú basement, ó sì bá Ìtùnú lórí bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì dí pa, abọ́ tó dọ̀tí wà nílẹ̀.

"Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé ayé?" ló pariwo. "Èmi ń jí jáde nínú snow lójoojúmọ́ nítorí rẹ, ìwọ ń sùn! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ṣe nọ́ọ̀sì, àwọn kan ti lọ kọ́ iṣẹ́ computer. Bí bàbá rẹ bá wà láyé, ojú á tì í láti pè ọ́ lọ́mọ."

Akínbámi, bàbá Ìtùnú, ti kú ní Ìbàdàn nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Láti ọjọ́ náà, Olúbùkọ́lá kò dárúkọ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ rí àfi lọ́nà rere. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló mọ̀ pé òun ti sọ ohun tí kò ṣeé kó padà. Ìtùnú dìde jókòó. "Okay, Mummy," ló ní.

Lọ́sẹ̀ kejì, Olúbùkọ́lá bá ìwé pélébé kan lórí tábìlì ilé ìdáná. Ìtùnú ti lọ sí Nicaragua, orílẹ̀-èdè kan ní àárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun nìkan, pẹ̀lú àpò ẹ̀yìn kan ṣoṣo. Ó kọ ọ́ pé òun fẹ́ wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi òun pé kí lòun fẹ́ ṣe tẹ̀ lé e.

Ó kọ́kọ́ ń fi WhatsApp ránṣẹ́. Ó fi fọ́tò ilé àlejò kan ní Managua, olú ìlú wọn, ránṣẹ́, pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀. Ó tún fi fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ òféèfèé kan ní Granada. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù February, ó kọ ọ́ pé òun ń padà sí Managua. Lẹ́yìn èyí, ohun gbogbo dákẹ́. Gbogbo ìwé tí ìyá rẹ̀ ń kọ sí i, àmì kan péré ló ń hàn lára wọn, tó fi hàn pé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì, ó di márùn-ún. Olúbùkọ́lá pe ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí àwọn ọmọ Canada tó wà lókè òkun. Wọ́n gba orúkọ, wọ́n sì sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àgbàlagbà ni ọmọ rẹ̀, ó lè lọ síbi tó bá wù ú.

Ẹnì kan ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún: Mọ́nsúrátù, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní òdì kejì òpópónà, tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ó sọ ti ìjà náà, ó sọ ti àìríṣẹ́, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Mọ́nsúrátù gbọ́ ọ tán, ó gbé tíì síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ta ló ń retí yín níbi iṣẹ́ lọ́la?"

"Kò sí."

"Ọ̀túnla ńkọ́?"

"Mọ́nsúrá, mo ní kò sí."

"Ẹ lọ wá a, nígbà náà. Ẹ má jókòó síbí kí ẹ máa wo fóònù."

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Olúbùkọ́lá. Kò rìnrìn àjò kankan rí láyé rẹ̀ tí ẹnì kan kò ní dúró dè é ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó di báàgì kan, ó sì lọ.

Ooru Managua bò ó bí ó ṣe jáde. Ó fún awakọ̀ takisí ní àdírẹ́sì tó wà nínú fóònù rẹ̀, ojú sì ń tì í bó ṣe ń nà án sí i, nítorí àtìgbà tó ti kà á ló ti rò pé ọmọ náà ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: láti ibi tí ilé sinimá wà tẹ́lẹ̀, òpópónà méjì síhà adágún, ọ̀kan sókè. Ọkùnrin náà kà á, ó mi orí, ó ṣáná sí ọkọ̀. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó ṣàlàyé fún un pé ìmìtìtì ilẹ̀ ló wó àárín ìlú náà lọ́dún 1972, àti pé ọ̀pọ̀ òpópónà ibẹ̀ kò ní orúkọ. Ohun tó wà níbì kan tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń júwe ọ̀nà, bí ohun náà tilẹ̀ ti wó láti ogójì ọdún. Bí wọ́n bá ní sókè, ìlà oòrùn ni wọ́n ń sọ.

"Àlejò tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" ni Olúbùkọ́lá bi í.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "He asks," ló dáhùn.

Wọ́n kọjá lára kàtídírà àtijọ́ tó wà lẹ́bàá adágún, ara rẹ̀ ti sán, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Kò sí ilé púpọ̀ láyìíká rẹ̀. Olúbùkọ́lá wò ó títí ọkọ̀ fi yà, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ẹni tó sọnù nírú ìlú yìí?

Doña Socorro, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pe obìnrin tó ni ilé àlejò náà, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Àlejò ará Holland kan ló ń túmọ̀ fún wọn. Obìnrin náà mú ìwé àlejò jáde, ó ṣí i sí February, Olúbùkọ́lá sì rí ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ rẹ̀, tó máa ń tẹ̀ sí òsì láti kékeré. Wọ́n ti jí fóònù Ìtùnú nínú èrò ní ibùdókọ̀. Orí bẹ́ńṣì tó wà ní àgbàlá yẹn ló jókòó sí tó ti sunkún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ lọ síbi tó tutù díẹ̀, wọ́n sì júwe Matagalpa fún un, ní àárín àwọn òkè tí wọ́n ti ń gbin kọfí.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni Olúbùkọ́lá wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó fi ń gbé ọmọ ilé-ìwé tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n ti kùn ún ní pupa àti àwọ̀ ewé. Àwọn obìnrin ń gòkè pẹ̀lú àgbàdo sísè àti omi inú ọ̀rá, wọ́n ń polówó. Ìrìn àjò náà lé ní wákàtí mẹ́ta. Ilẹ̀ gbẹ, eruku pupa ń wọ ojú fèrèsé, gbogbo ọmọbìnrin tó bá gbé àpò sẹ́yìn lójú ọ̀nà ló ń yí ọrùn wò. Bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè, atẹ́gùn ń tutù. Ó rántí pé láti ọdún tí wọ́n ti dé Calgary, Ìtùnú ti bẹ òun lọ́pọ̀ ìgbà pé kí àwọn méjèèjì lọ wo ibì kan, ibikíbi. Iṣẹ́ ni ìdáhùn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ó yí Matagalpa ká fún ọjọ́ méjì, láti ilé àlejò kan sí òmíràn, tòun ti fọ́tò. Lọ́jọ́ kejì, ó yà sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọgbà ìlú. Obìnrin náà kò tíì wo fọ́tò tó fi nawọ́ sí ojú Olúbùkọ́lá fúnra rẹ̀, tó bú sẹ́rìn-ín. Ojú Ìtùnú gan-an ló rí lára rẹ̀. Ó pe ọkọ̀ kan, ó júwe ibi tí ọmọ náà wà fún awakọ̀, ó sì kọ̀ láti gba ohunkóhun.

Abẹ́ àtíbàbà onípáànù kan nínú oko kọfí ló ti bá a. Ìtùnú jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́ta, wọ́n ń ṣa kọfí tó bàjẹ́ kúrò nínú èyí tó dára. Ó ti rù. Ọrùn rẹ̀ ti tínrín. Ó gbójú sókè, kò sì dìde.

"Mummy? You came here? By yourself?"

"Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀," ni Olúbùkọ́lá wí.

Doña Elba, obìnrin tó ni oko náà, ló gbé àga wá. Láti ẹnu rẹ̀, tí Ìtùnú, tó ti gbọ́ èdè wọn díẹ̀, ń túmọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́, ni ìyá ti gbọ́ pé ibà kan tí ẹ̀fọn ń fà ti dá ọmọ òun dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, egungun ń ro ó débi pé kò lè gbé ife. Doña Elba ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Olúbùkọ́lá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ ẹ́ nínú, nítorí obìnrin mìíràn ló wẹ ọmọ tóun bí.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, ó béèrè. "Wọ́n jí fóònù rẹ, mo gbọ́. Ṣé kò sí computer ní gbogbo ìlú yìí ni?"

"There is." Ìtùnú ń wo ọwọ́ rẹ̀. "I could have emailed you. I just didn't. I'm sorry, Mummy. I didn't know what to say that wouldn't be about a job."

Olúbùkọ́lá mí kanlẹ̀. "Èmi náà ò níṣẹ́. September ni wọ́n ti dá mi dúró."

"Which September?"

"Èyí tó kọjá. Gbogbo àárọ̀ tí mò ń jáde yẹn, library ni mò ń lọ."

Ìtùnú gbójú sókè. "So that day you were shouting at me..."

"Ibi tí wọ́n ti lé mi padà ni mo ti ń bọ̀."

"And you brought Daddy into it."

"Mo mú bàbá rẹ wọ̀ ọ́. Mi ò yẹ kí n ṣe é. Jọ̀ọ́, Ìtùnú, dárí jì mí."

Ọmọ náà kò sọ pé òun dárí jì í. Ó gbọn àtẹ kọfí tó wà níwájú rẹ̀, ó sún ìdajì rẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó sì fi èyí tó bàjẹ́ hàn án, bó ṣe máa ń dúdú létí.

Olúbùkọ́lá lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Ó bá wọn ṣa kọfí. Ó fi ìrẹsì àti ata tó rí se oúnjẹ, ọmọ rẹ̀ sì jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ti Mọ́nsúrátù, ti ẹ̀wà tí àwọn ará ibẹ̀ kì í fi sílẹ̀ láàárọ̀. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó bi í bóyá á bá òun padà. Ìtùnú ní rárá. Ní ilé-ìwé kan ní ìlú, wọ́n fẹ́ kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. "I can't go back to that basement. Please don't ask me again." Kò béèrè mọ́. Ìtùnú sìn ín dé ibùdókọ̀, ó dì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, kíákíá, ó sì yí padà kí ọkọ̀ tó gbéra.

Snow ṣì wà nílẹ̀ nígbà tó dé Calgary. Kò sí ilé-iṣẹ́ epo tó pè é padà, lọ́dún náà àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó fi ilé Pineridge sílẹ̀, ó háyà yàrá kan ní Penbrooke, ó sì gba iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, Mọ́nsúrátù ló júwe ibẹ̀ fún un. Lójoojúmọ́ ló ń wẹ ìyá oníyàá, ó ń fi ṣíbí bọ́ wọn.

Ìtùnú ń pè lọ́jọ́ Sunday. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn. Lọ́jọ́ kan, Mọ́nsúrátù bi Olúbùkọ́lá bóyá kò kábàámọ̀ ìrìn àjò náà, níwọ̀n bí ọmọ kò ti bá a padà wálé.

Olúbùkọ́lá ń ká aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́. "Mo rí i," ló ní. "Ó jẹun níwájú mi."

Ó ká aṣọ náà tán, ó gbé báàgì rẹ̀, nítorí bọ́ọ̀sì kì í dúró deni.