Ọ̀gá Ẹ-Ti-Bi-Wọ́n

Ìtàn tí gbogbo èèyàn fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni ti ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun ní àdúgbò ẹ̀gbẹ́ odò. Wọ́n ti na ríbọ́ọ̀nù pupa sẹ́nu ọ̀nà, àlùmọ́gàjí ti wà lọ́wọ́ alága ìlú, àwọn ayàwòrán ti dúró síbi tí wọ́n máa dúró sí. Wọ́n wá ní kí ọ̀gá tó ń bójú tó ètò ìdàgbàsókè àdúgbò fún ìjọba ìlú kí àwọn àlejò ní ṣókí. Ó gba gbohùngbohùn, ó kí wọn lóòótọ́, àmọ́ kò gbé e sílẹ̀. Ó kọjú sí àwọn ará àdúgbò, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ sọ pé ẹ fẹ́?"

Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú ló dáhùn. Ó ní rárá o, iná ojú ọ̀nà làwọn bèèrè, torí ẹsẹ̀ ń yẹ̀ lójú ọ̀nà odò níbi tó ṣókùnkùn yẹn, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìjọba rí kọ́, àwọn dúpẹ́ náà ni. Alága rọra sọ sí ọ̀gá létí, ó ní, "Kí ni kí n wá fi àlùmọ́gàjí yìí ṣe báyìí?"

Ọ̀gá ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n."

Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù náà níkẹyìn. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló mú kí iná ojú ọ̀nà dé kí ọdún tó parí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ò sì ṣófo rí. Àwọn tó ní àwọn ò bèèrè fún un ló ń tò síwájú ẹ̀ láràárọ̀. Wọ́n rí ọ̀gá fúnra rẹ̀ tó ń jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fèsì pé òun kọ́kọ́ bi obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀ kóun tó wọlé.

Bó ṣe gba orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnjiníà bá gbé àwòrán afárá wá, bí dókítà bá ní kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn síbì kan, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń ti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀ jáde: "Ẹ ti bi wọ́n?" Òwe kan ṣoṣo ló sì ní, ìyẹn ni pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àwọn ọ̀dọ́ ọ́fíìsì a máa sọ pé bí iná bá ń jó ilé, ọ̀gá á kọ́kọ́ pe ìpàdé láti mọ̀ bóyá omi ni onílé fẹ́. Wọ́n ń fi ṣàwàdà ni. Wọn ò mọ̀ pé ìwà yìí kan náà ló máa fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀.

Nínú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ, ti bẹ́ǹṣì ló gbayì jù. Òpópónà méjì jọ ní igi kan tó ṣíji bolẹ̀ dáadáa, ìjọba sì fẹ́ gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ ẹ̀. Àwọn tọ̀hún ní kí bẹ́ǹṣì kọjú sí títì, kí àwọn lè máa rí ẹni tó ń bọ̀. Àwọn tìhín ní pápá ni kó kọjú sí, kí àwọn lè máa ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá kọ̀ láti pàṣẹ. Ó jókòó lé àpótí, ó ń bi èyí, ó ń bi tọ̀hún, títí oòrùn fi yí, tí ohùn àwọn èèyàn fi há. Nígbà tó yá, káfíńtà tí ebi ti ń pa sọ pé ṣé wọn ò wá kúkú jẹ́ kóun kàn án láìní ibi ìfẹ̀yìntì, kí kálukú kọjú síbi tó bá wù ú. Ìjà parí.

Káfíńtà ló sọ ọ́, gbogbo ayé ló gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ọ̀gá sì ń tún ìtàn náà sọ, ṣe ni káfíńtà ń kéré sí i nínú ẹ̀. Ó kọ́kọ́ di ẹni tó kàn dábàá díẹ̀. Ó tún di ẹni tó kàn mi orí. Nígbà tí ọ̀gá fi máa fẹ̀yìn tì, bẹ́ǹṣì náà ti ń kan ara ẹ̀.

Kò gbé ìwà náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà tó bá dé ilé. Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní iwájú ilé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé ẹbí láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti àkísà. Ẹnì kan á dábàá, ẹnì kan á kín in lẹ́yìn, wọ́n á dìbò. Ọ̀gá ò wọlé ìbò kankan rí. Ó fẹ́ kí wọ́n kun yàrá ní funfun, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ó ní òun ò fẹ́ ajá, àwọn ọmọ dìbò, ajá dé, ajá sì gba àga rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ọkọ òun mọ èèyàn bi léèrè, ìdáhùn ni kì í bá a lára mu.

Lọ́dún tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní nǹkan kan ti ń hù níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló kù, kò sì gbọdọ̀ pẹ́, torí bó bá pẹ́, iṣẹ́ abẹ gan-an ò ní wúlò mọ́. Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó délé, ó pe ìpàdé.

Àkọ́bí ní kí wọ́n ṣe é kíá. Ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e ní kí wọ́n lọ rí dókítà míì. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ní ìsinmi ló ń fẹ́. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ náà ò tíì pọ́n, ó sún un síwájú. Ó bi àwọn ará ọ́fíìsì, ó bi aládùúgbò, ó bi ẹni tó ń ṣọ́ géètì ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n tún jókòó, ẹni tó máa gbé báàgì rẹ̀ lọ ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, ọ̀gá sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ kálukú fún èrò rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti dín ìbàdí ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ kù lẹ́ẹ̀kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tú u láti tún un dín, ó wá rí i pé aṣọ tóun máa gé kúrò ti ń pọ̀ ju èyí tó máa kù lọ. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó lọ bá a níbi tó jókòó sí.

Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Olórí rèé. Kí lẹ̀yin fẹ́?"

Ọkùnrin tó ti fi ìbéèrè yìí jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ wo ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi pinnu."

"Ẹ dìde, ẹ wọ bàtà."

"Ṣé ká kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ…"

"Mi ò bi yín."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere. Kò tíì lè jókòó dáadáa tí nọ́ọ̀sì fi bá gbogbo aláìsàn yàrá náà lẹ́nu ìpàdé lórí ibi tí fáànù máa kọjú sí. Nọ́ọ̀sì pa fáànù.

Ó tún lo ọdún púpọ̀ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ó fẹ̀yìn tì, ó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, ó ń bi àwọn oníbàárà bóyá apá aṣọ náà wù wọ́n lóòótọ́, ó sì lé méjì nínú wọn lọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń jà lórí ẹ̀, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò sí ohun tó ṣe é, kò jí mọ́.

Èrò pọ̀ níbi ìsìnkú náà. Alága ìlú ìgbà yẹn wá, ó sọ ìtàn àlùmọ́gàjí fúnra rẹ̀, ó sì sọ ọ́ dùn ju bí àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ṣe ń sọ ọ́ lọ. Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù, kálukú ń mú tirẹ̀ wá, ẹ̀rín ń gba ilé kan. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí aṣọ nu ojú. Ẹnì kan wá bi í jẹ́jẹ́ pé báwo ni bàbá ṣe lọ gan-an.

Ó ní, "Wọ́n kàn lọ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, ìyẹn nìkan ni wọ́n ṣe tí wọn ò bi mí." Ó ń tẹ́ aṣọ kan lórí itan rẹ̀. "Ká ní wọ́n bi mí ni, mi ò ní gbà."