Omi Tútù fún Àlejò

Òórùn igi bíbọ̀ ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Kì í ṣe òórùn àkàrà, kì í ṣe ti kọfí. Ó dà bí òórùn ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò, ó rọra rìn láti ẹ̀yìnkùlé wa ní Kalikak, àdúgbò tí a ń gbé nílẹ̀ òkèèrè, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi. Nígbà tí mo jáde, ìkòkò ńlá tí ìyá mi fi ń se ìrẹsì ọdún Kérésì ló wà lórí iná, gbòǹgbò igi kan sì na apá jáde nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń wẹ̀. Omi náà ti pọ́n bíi tíì.

"Bàbá Àníkẹ́," ìyá mi ní, "ṣé igi la ó jẹ láàárọ̀ yìí ni?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò lè mọ bí ẹ̀rín díẹ̀ yẹn ti tóbi tó nílé wa. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni bàbá mi ń ṣe ní èbúté Owendo, òun náà ló sì máa ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ kò sì tètè jáde kó lè lọ sin ín, kò kọrin mọ́. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń jẹun, ó ń sùn. Àwọn èèyàn wá kí i, wọ́n ní kó gbé e kúrò lọ́kàn, màmá kúkú ti dàgbà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Orin kò jáde.

Ẹja ló wá jí i. Ọ̀gá rẹ̀ kan, Faransé, ń padà sílùú rẹ̀, ó sì fẹ́ fi ẹja mẹ́fà tó ń sìn sílẹ̀ fún un. Dísíkọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá yí ẹ̀gbẹ́ sí ọ, àwo pẹlẹbẹ ni wọ́n. Bí wọ́n bá kọjú sí ọ, wọ́n di abẹ́rẹ́. Ọ̀gá náà kọ́kọ́ gbé àpótí onígíláàsì fún un, ó ní ẹja di oṣù tó ń bọ̀, nítorí omi gbọ́dọ̀ gbó kí wọ́n tó wọ inú rẹ̀.

La bá bẹ̀rẹ̀. A fọ iyanrìn títí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara. Bàbá mi lọ sí odò kan lẹ́yìn ìlú, ó já ewé kan bọ̀, ewé líle tó ń gbé orí òkúta inú omi, tí kì í fẹ́ kí a ri gbòǹgbò òun mọ́lẹ̀. Òwú dúdú tí ìyá mi fi ń di irun fún mi ló fi dè é mọ́ gbòǹgbò igi tó sè lọ́jọ́ yẹn. Bó ti ń yí òwú náà ká, bẹ́ẹ̀ ni orí ń yún mi, bí ẹni pé èmi ló ń dì. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ń fi imú kùn bí oyin. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn lásán ni. Mo dákẹ́, kó má baà mọ̀ pé mo gbọ́.

Odindi oṣù kan ni omi fi wà láìlẹ́ja. Bàbá Ràfíù, Nàgó ará Kétu tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́ọ̀ọ́kán wa, kò jẹ́ ká sinmi. "Bàbá Àníkẹ́, omi yín kò tíì jinná ni?" Bàbá mi á ní, "Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Èmi, bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, mà á gbé àgbọ̀n lé tábìlì, mà á máa wo ewé tó ń mì, àti afẹ́fẹ́ tó ń gòkè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Nígbà mìíràn n kò mọ̀ bóyá èmi ló ń wo omi, tàbí omi ló ń wò mí.

Ẹja dé. Bàbá mi ní, "Àlejò ni wọ́n o, Àníkẹ́. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá. Tọ́jú wọn bí àlejò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sórí. Ẹ̀yin náà mọ òfin ilé wa: kí àlejò tó fìdí kan àga, kí omi tútù ti dé ọwọ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án Wẹsidé kan, ìyá mi wà lọ́jà, oòrùn ń jó orí páànù. Mo wo àwọn ẹja, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé kò sẹ́ni tó fún wọn lómi. Mo ṣí fíríìjì. Ìgò ńlá mẹ́fà ni mo dà sínú àpótí náà, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo kó gbogbo yìnyín lé e. Mo tilẹ̀ kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o."

Àwọ̀ wọn pa dà lójú mi. Wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n fún ara wọn mọ́ kọ̀rọ̀, èyí tó kéré jù sì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹkún gbé mi. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù pàṣán. Ohùn tó ń ti imú bàbá mi jáde ni mò ń bẹ̀rù fún.

Ó dé nírọ̀lẹ́, ó rí àwọn ìgò òfìfo, ó rí ojú mi. Ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó mú ọwọ́ mi, ó tì í bọ omi.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó tutù, sà."

"Ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná yìí á mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Bí a bá sáré da gbígbóná lé e, a óò tún pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì."

A jókòó, ọwọ́ tirẹ̀ àti tèmi nínú omi, láàárín ewé.

"O ò ṣìkà, ọmọ mi. Nígbà tí màmá mi kú, omi tútù ni gbogbo èèyàn gbé wá fún mi. Wọ́n ṣeun. Kò kàn sẹ́ni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn mí wò ni."

Ó wá ń sọ fún mi bí màmá ṣe máa ń po omi ìwẹ̀ fún un nígbà ọyẹ́, tí á ti ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́ kó tó gbé e sínú rẹ̀. Bó ti ń sọ ọ́ ni àwọ̀ ń padà sára ẹja, ìlà kan tẹ̀lé ìkejì. Márùn-ún yè. Èyí tó kéré jù kú, a sì sin ín sídìí ata lẹ́yìnkùlé. Níbi tí bàbá mi ti ń fọ erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ló ti la ẹnu. Oríkì ìyá rẹ̀ ló ń kì, ó gbóhùn sókè, tó fi jẹ́ pé Bàbá Ràfíù jáde sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ kankan.

Lónìí, Avéa, àdúgbò mìíràn nílùú kan náà, ni mò ń gbé, mo sì ní àpótí ẹja tèmi. Bàbá mi ti darúgbó, ọ̀dọ̀ mi ló wà, àga rẹ̀ kọjú sí omi. Bí àlejò bá wọlé tí mo gbé omi jáde, á ní, "Àníkẹ́, bi wọ́n léèrè o, kí wọ́n má baà dúdú mọ́ wa lọ́wọ́." A óò rẹ́rìn-ín, àlejò kò ní mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn yára jù mí lọ. Bó bá ti rí i pé ẹnì kan wà nínú ooru, ó ti ṣí fíríìjì nìyẹn. Èmi máa ń pẹ́ kí n tó dìde nísinsìnyí, mo sì máa ń ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, bí mo bá fẹ́ wẹ bàbá mi, n kì í wo bí omi ṣe ń yọ èéfín. Ìgbọ̀nwọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́.