Níbi Tó Yẹ Kí Irin Táyà Wà

Géètì àti irin ojú fèrèsé ni mo fi ń jẹun ní Johannesburg. Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà mi kò jìnnà sí Newtown. Nígbà tí òyìnbó arúgbó kan, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì ní Sandton, fi mọ́tò fa tírélà kékeré àlòkù kan wọlé, tó ní ọkọ̀ ojú omi lòun fẹ́ máa fi gbé lọ sí adágún Vaal, mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣìnà.

Kàtàmaránì ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi irin so pọ̀, tí wọ́n na aṣọ líle sáàárín fún ìjókòó, tí ìgbòkun sì ń mú un lọ. Kékeré ló ní tẹ́lẹ̀. Ó ra èyí tó tóbi nítorí ìyàwó rẹ̀, tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lẹ́sẹ̀ kan, tí kò lè ká ẹsẹ̀ náà jókòó nínú ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ti tó ọdún méjì tí màmá náà ti dé orí omi kẹ́yìn. Kí ìyàwó òun padà débẹ̀ ni gbogbo ohun tí bàbá ń fẹ́.

Mo fẹ tírélà náà lọ́tùn-ún lósì, mo jó irin mọ́ ọn lẹ́yìn kó lè gùn. Ó wá ku irin tó so táyà méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yìn ni ọkọ̀ tuntun yìí máa wúwo sí, nítorí náà ó yẹ ká sún irin yẹn sẹ́yìn. Bàbá ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé ẹni tó tà á fóun ní ibẹ̀ ló dáa jù. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ju bàbá tó bí mi lọ, àwọn tó sì tọ́ mi ní Iléṣà kò kọ́ mi láti wojú àgbà kí n ní ó ṣì í. Mo ní, "Ó dáa, sà." Òmùgọ̀ ni mí lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, a gbé ọkọ̀ lé tírélà nínú ọgbà wọn. Ọwọ́ kan péré ni mo fi gbé ẹnu tírélà náà sókè.

"Shap, ó ti dáa," bàbá ní, "o rí i bó ṣe fúyẹ́?"

Ẹ̀rù bà mí: ẹnu tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ẹ̀yìn ni gbogbo ẹrù wà. Màmá ti wà nínú mọ́tò, ó gbé agbọ̀n oúnjẹ lé itan. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo pe ìyàwó mi, tó ń ránṣọ ní Berea, mo rojọ́ fún un. Ó ní, "Ṣé òkú wọn lo fẹ́ máa kí pé, 'Ẹ káàárọ̀, sà'?"

Mo sáré lọ dúró níwájú mọ́tò. "Ẹ má bínú, sà. Ibi tí irin táyà wà kò dáa. Tẹ́ ẹ bá sáré lójú títì, ìdí tírélà á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì lè gbé mọ́tò ṣubú."

Ojú bàbá pọ́n. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, sà."

"Eish," ni màmá fi ìbànújẹ́ wí. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì wọlé lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí mo ń wò yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ èmi àtàwọn ti parí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá bàbá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, òun àti tírélà rẹ̀. Ó ní, "Fi ibi tó yẹ hàn mí." Pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ó bá mi dùbúlẹ̀ sábẹ́ irin, ó ń di sípánà mú, ìpẹtà ń já sí i nírun. Kò bú mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni; mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá yẹn dòní.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú mi dání lọ sí Vaal. Tírélà náà ń tẹ̀ lé wa jẹ́jẹ́. Màmá na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ lórí aṣọ, atẹ́gùn gba ìgbòkun, ó sì ń sunkún ayọ̀. Mo dúró sétí omi, mò ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n padà sétí omi, bàbá ṣẹ́wọ́ sí mi.

"Ó yá, wọ inú ọkọ̀. Omi yìí kò jìn."

Mo wojú rẹ̀ dáadáa. "Rárá, sà. Ó jìn, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́."

Màmá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó nà án sí mi.