Bẹ́ẹ̀ Ni Tí A Pariwo ní Nima

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹnìkan bá bi yín léèrè pé, "Ṣé ẹ kò tíì jẹun?", tí ó sì jẹ́ pé oúnjẹ kò tíì kan ẹnu yín láti òwúrọ̀, kí ni ẹ ó fi dá a lóhùn? Bí ó bá jẹ́ pé ilé Yorùbá ni wọ́n ti tọ́ yín, ẹ ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òótọ́ ni olùbéèrè sọ, ẹ kò tíì jẹun. Ọmọdé mọ èyí kí ó tó mọ bí a ṣe ń so okùn ṣòkòtò. Èmi náà mọ̀ ọ́n, mo sì fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní agboolé wa ní àdúgbò Nima ní ìlú Accra, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé gbólóhùn kékeré bẹ́ẹ̀ lè yọ àga kúrò lábẹ́ ènìyàn.

Mo rántí ìgbà tí ìjọba ilẹ̀ Ghana ní kí gbogbo ìlú wá dìbò lórí ìbéèrè kan ṣoṣo. Òfin ilẹ̀ náà kò gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀ fún ipò aṣojú àdúgbò nínú ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, ipò tí gbogbo Accra ń pè ní asẹ́mbílì. Olúkúlùkù ni yóò fi orúkọ ara rẹ̀ jáde, kí àwọn aládùúgbò fi ìwà rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ìjọba wá ń bi wá bóyá kí a yí òfin náà padà, kí àwọn ẹgbẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ yóò tẹ Yẹ́sì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí òfin wà bí ó ti wà yóò tẹ Nó. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá pé a ó yan àwọn asẹ́mbílì tuntun pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orí rédíò lásán sí àwa Yorùbá Nima, bí kò bá ṣe pé ọmọ wa ni asẹ́mbílì àdúgbò wa nígbà náà. Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kokomlemle, wọ́n bí i sí agboolé tí ó kángun sí tiwa, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ sì ni èmi ti ń kírun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti jókòó sí orí àga náà fún sáà kan. Gọ́tà ńlá tí ó la àárín ilé wa kọjá, tí í kún wọ yàrá lọ́dọọdún tí òjò bá dé, òun ni ó sáré kiri títí wọ́n fi da kankéré bo ìdajì rẹ̀. Ìdajì tí ó kù ni ó ń bẹ̀bẹ̀ sáà kejì sí. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tí ó lè fa ọmọ Alata, bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, kalẹ̀ ní Accra, gbogbo wa mọ èyí láìjẹ́ pé a sọ ọ́. Bí ẹgbẹ́ bá wọ̀ ọ́, ó parí fún un nìyẹn.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí àga náà jẹ́ fún wa. Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n ní kí àwọn àlejò kó ẹrù wọn kúrò ní ilẹ̀ Ghana. Bàbá mi ti ta ọjà ní ìlú náà títí irun orí rẹ̀ fi funfun, síbẹ̀ òun náà di àlejò ní òru ọjọ́ kan. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó ń gbé wa lọ ni pé, "A ní ọjà ńbẹ̀, a ní ilé ńbẹ̀, a kò ní ẹnu ńbẹ̀." Nígbà tí a padà wá, tí ọdún gorí ọdún, tí ọmọ tí a bí sí àárín wa wá dìde ní ìgbìmọ̀ ìlú tí wọ́n sì ní kí ó sọ̀rọ̀, mo lérò pé ẹnu tí bàbá mi ń wí ti hù.

Nígbà tí ìdìbò náà ku díẹ̀, alága ẹgbẹ́ àwa Yorùbá Nima, tí kì í ṣe ti òṣèlú, pe gbogbo ọmọ Yorùbá àdúgbò jọ sí iwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni alága náà ń tà, ṣùgbọ́n bí ó bá la ẹnu rẹ̀, o ó rò pé inú ìyẹ̀wù ọba ni wọ́n bí i sí. Èmi ni mo jókòó ní apá ọ̀tún rẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn gbà pé lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni ó tún gbọ́ Yorùbá jù. Ìgbéraga ibẹ̀ kò kéré. Mo ti wọ agbádá nítorí rẹ̀, nínú ooru tí ó ń mú ni làágùn bí ẹni tí ń gún iyán.

Kò kọ́kọ́ rọrùn. Ọkùnrin kan tí ń ta bàtà dìde, ó ní òun fẹ́ Yẹ́sì. "Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wọlé jàre. Ẹni tí kò lẹ́gbẹ́, ta ni í gbọ́ tirẹ̀? Ọmọ wa ti sáré, ó sáré, ìdajì gọ́tà ló rí. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ni, wọn ì bá ti bò ó tán."

Ìyá ọlọ́ṣẹ, tí ó ń ta ọṣẹ dúdú lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, bú sẹ́rìn-ín. "Wọn ì bá ti bo ta ni? Ìwọ ni wọn ì bá bò! Ìdìbò tó kọjá, fáànù ni wọ́n fún mi, wọ́n ya orí ọkùnrin kan sí i. Níbi tí iná ti ń tàn tó ń kú yìí, ọkùnrin ọ̀hún kàn ń wò mí nínú òkùnkùn ni."

"Ìyá, ẹ ṣáà gba fáànù náà."

"Mo gbà á kẹ̀! Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò gbà kí ó wá joyè lórí ọmọ mi."

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú, ó lọ sẹ́yìn, títí ọlọ́bàtà fi gbé ọwọ́ sókè pé òun ti gbà, pé òun kò ní tìtorí gọ́tà ta ọmọ ilé. Nígbà náà ni alága dìde láti fi èdìdì di ìpinnu. Ó gbọn agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé a kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣèlú wá bá ọmọ wa du àga rẹ̀?"

A dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ṣé a kò ní gbà fún wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o!"

Bí ó ti béèrè rẹ̀ dùn mọ́ mi nínú. Mo mi orí, mo sì sọ fún ẹni tí ó jókòó tì mí pé Yorùbá kò tíì kú ní Accra.

Àwọn ọ̀dọ́ wa wà lẹ́yìn, àwọn tí a bí sí Ghana, tí wọ́n ń gbọ́ èdè wa ju bí wọ́n ti lè sọ ọ́ lọ. Nígbà tí ariwo ta ni wọ́n tó gbé fóònù sókè. Ohun tí wọ́n ká sílẹ̀ kò ní ìbéèrè nínú, "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló wà nínú rẹ̀, tí ó ń dún gbàgà láti ẹnu àwọn àgbà onírùngbọ̀n. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn pẹ̀lú ayọ̀, kò sí ìkà nínú rẹ̀. Àwọn baba wa ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ààbọ̀ tiwa dé inú ìlú, ó sì jókòó síbẹ̀ ní ààbọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà ní ìsọ̀ mi nígbà tí ọkọ̀ kan tí ó gbé gbohùngbohùn sórí kọjá. Ohùn wa ni ó ń jáde níbẹ̀: "Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni o!" Ọkùnrin kan ń fi èdè Hausa àti Twi sọ nǹkan tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n trotro kan, ọkọ̀ akérò wa, ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, n kò gbọ́ ohun tí ó wí. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín: mo gbé fìlà mi gùn sí i. Mo rò pé a ti di olókìkí.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọmọ wa pè mí lórí fóònù.

"Baba, ẹ káàárọ̀."

"Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí?"

"Baba, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lẹ wí ní mítíìnì àná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo wa wí! Kò sí ẹni tó yà. Ọlọ́bàtà gan-an wí i."

"Ẹ̀yin náà, Baba?"

"Ohùn tèmi ló ròkè jù."

 Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ọ mọ́. Ó ní, "Baba, medaase." Mo bá a wí. Mo ní ọmọ Yorùbá kì í fi Twi dúpẹ́ lọ́wọ́ baba rẹ̀, pé kí ó fi èdè rẹ̀ dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, Baba." Ìpè náà já.

Ohun tí ọkùnrin inú ọkọ̀ náà ń wí, gbogbo Nima ni ó gbọ́ ọ àfi àwa: pé àwọn àgbà Alata ti dáhùn Yẹ́sì, pé wọ́n ti kọ ọmọ wọn fún ẹgbẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn àgbà Hausa tí wọ́n ti ṣèlérí láti dìbò fún un lọ bá a ní ilé. Wọn kò bú u. Wọ́n kàn bi í pé bí àwọn ará ilé rẹ̀ bá lè ṣe báyìí sí i, kí ni wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ tí àwọn kò mọ̀? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, wọ́n sì ti rí i pé ìhòòhò ni ó ti ilé jáde. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti lọ sí ọ́fíìsì àwọn tí ń ṣètò ìdìbò, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ìyá ọlọ́ṣẹ ni ó gbé ìròyìn náà wá. Ó já gèlè rẹ̀ sọ́wọ́ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Òun, alága àti èmi wọ trotro lọ sí Kokomlemle ní ọ̀sán gangan. Ọmọ wa kúnlẹ̀ kí wa, ó fún wa ní àga, ó fún wa ní omi. Alága ṣàlàyé. Ó tún un ṣàlàyé. Ó sọ bí a ti ń dáhùn ìbéèrè tí ó ní "kò" nínú, ó fi àpẹẹrẹ gbè é, ó ní "bẹ́ẹ̀ ni" wa ni Nó gan-an, Nó tí ó nípọn. Ọmọ náà gbọ́ títí ó fi tán. Ó lóye rẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó lóye rẹ̀, ìyẹn gan-an ni ó burú jù.

"Mate, Baba," ni ó wí, pé òun ti gbọ́. "Aládùúgbò kan ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lálẹ́ àná, mo sì ti bẹ àwọn elétò ìdìbò láàárọ̀ yìí pé kí wọ́n dá orúkọ mi padà. Wọ́n ní ohun tí a bá ti yọ, a ti yọ ọ́." Ó wo ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n Baba, tí ẹ bá kàn sọ pé 'a ò fẹ́' ńkọ́?"

Alága ní Yorùbá tí òun sọ kò ní àbùkù. Òótọ́ ni. Títí di òní, mo gbà pé kò ní àbùkù.

Ìyá ọlọ́ṣẹ dìde. "Alága, ẹ gbé Yorùbá náà, ẹ máa gbé e lọ sílé. Tí òjò bá dé, ẹ fi bo gọ́tà."

A wọ trotro padà sí Nima. Mo ní kí n pa òwe kan láti fi pẹ̀tù sí ọkàn ara mi, èyí tí a fi í tu ẹni tí ó ṣòfò nínú, pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. N kò lè pa á. Agbè ni ó fọ́.

Ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, rédíò kéde pé ìjọba ti fagi lé ìdìbò lórí ìbéèrè náà. Àwọn ẹgbẹ́ kò fẹnu kò, nítorí náà kí olúkúlùkù máa lọ sílé rẹ̀. Kò sí Yẹ́sì mọ́, kò sí Nó mọ́. Òfin wà bí ó ti wà, gẹ́gẹ́ bí a ti fẹ́ kí ó wà. Ìdìbò asẹ́mbílì nìkan ni wọ́n dì, mo sì lọ, mo to ìlà nínú oòrùn, mo gba ìwé ìdìbò, mo wá orúkọ ọmọ wa nínú rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Orúkọ ọkùnrin tí wọ́n ya orí rẹ̀ sí fáànù Ìyá ọlọ́ṣẹ wà níbẹ̀. Òun ni ó wọlé.

Nísinsìnyí tí mo ń kọ ìwé yìí, alága ti re ibi àgbà ń rè. Ọmọ wa ti kó lọ sí Darkuman, ní apá mìíràn ní Accra. Bí a bá pàdé ní òde ìsìnkú, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, Twi ni ó sì fi ń kí mi, n kì í bá a wí mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá rárá. Àwọn ọmọ agboolé wa náà kò wá kọ́ èdè lọ́dọ̀ mi mọ́, n kò sì lẹ́nu láti pè wọ́n. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé bàbá mi kò rí òkodoro ọ̀rọ̀ náà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. A ní ẹnu. Etí ni a kò jọ ní.

Kankéré gọ́tà náà dúró sí ìdajì. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ Yorùbá kankan tí ó tún du ipò asẹ́mbílì ní àdúgbò wa.