Dígí Ààrò Odile

Ogójì ọdún ni Armand Pelletier fi ń pariwo mọ́ Odile ìyàwó rẹ̀ pé kó yé ki igi tó gùn jù bọ inú ààrò irin wọn, pé lọ́jọ́ kan ilẹ̀kùn ààrò máa gbá igi, dígí ojú ilẹ̀kùn náà á sì fọ́. Odile kú nígbà ìkórè ọ̀dùnkún, dígí ò fọ́. Ìgbà tí yìnyín dé ni Armand fúnra rẹ̀ fi ilẹ̀kùn gbá igi gígùn, tí dígí sì fọ́.

Lucien, àbúrò Odile, ló ra dígí tuntun wá. Ó jókòó, ó ń wo bí Armand ṣe ń fi síkúrù dè é mọ́ ilẹ̀kùn ààrò.

"Àna mi, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má dè é pinpin. Irin yẹn máa ń fẹ̀ tó bá gbóná. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún dígí."

"Ìwọ yìí! Kí èéfín wá máa rú sí mi lójú?"

"Orí kunkun yín náà nìyẹn. Ẹ ò fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi náà rí."

 Armand tún yí síkúrù lẹ́ẹ̀kan sí i, tagbáratagbára.

Wọ́n dáná. Igi ò tíì jó dé ìdajì tí dígí fi dún pàù, tó là láti òkè délẹ̀. Lucien dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Armand gé páànù, ó fi dí ojú ilẹ̀kùn. Ilé móoru, àmọ́ iná tí Odile máa ń jókòó wò nírọ̀lẹ́ ò ṣeé rí mọ́. Ó jókòó sórí àga ìyàwó rẹ̀, ó tẹjú mọ́ páànù. Nígbà tó yá, ó dìde, ó sì tú síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ fún páànù, páànù tí kì í fọ́.