Àwọn Àlejò Tó Wá Jẹ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Lára Igi

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá labalábá fún ọ̀sán, tí kò sì gbàgbé àfòpiná òru. Mo tún dúpẹ́ pé ó fi ìyá àgbà kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Cheverly, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí mo wà lọ́mọbìnrin kékeré.

"Mummy, ta lẹ ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kun igi fún?"

Bàbá mi ló bi ìyá náà bẹ́ẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní DC dé ni, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú. Òjò wínníwínní ti yọ́ ìyókù yìnyín orí koríko, òtútù sì ti dẹwọ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń rí nígbà tó bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Abọ́ wà lọ́wọ́ mi, búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé wà lọ́wọ́ ìyá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti dúdú, ṣúgà pupa àti máàtì inú ìgò la pò pọ̀ sínú abọ́ náà, tí a gbé e sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ títí ó fi ń rùn bí ẹmu àná.

"Àwọn àlejò mi ni," ìyá dáhùn.

"Àlejò wo ló ń jẹun lára igi lálẹ́?" Díákónì ni bàbá mi. Bó ṣe wo abọ́ yẹn, mo mọ̀ pé ètùtù ló rò pé ó jẹ́. "Ẹ má bínú, mà. Tó bá jẹ́ irú nǹkan báyìí lẹ ń ṣe, ọmọ mi ò ní lè wá síbí mọ́."

Mo di abọ́ náà mú pinpin. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ilé wa sì máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni òórùn àlùbọ́sà díndín wà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka Bíbélì Yorùbá. Nọ́ọ̀sì lòun náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ìdí iná ibi ìgbọ́kọ̀sí ọsibítù ló ti kọ́kọ́ rí àwọn àfòpiná nígbà tó bá ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, ló bá ra ìwé àwòrán wọn, ó sì ń fún wọn lórúkọ Yorùbá.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ba odindi díákónì! Jókòó, jẹ àkàrà. Tí àlejò mi ò bá wá, mú ọmọ ẹ lọ."

Nígbà tí a jẹun tán, ó fi aṣọ pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì, nítorí iná funfun máa ń lé àwọn àlejò rẹ̀ kúrò nídìí oúnjẹ. Igi àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Igi kejì, omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló ń kán. Bàbá mi húkọ́. Mo gbàdúrà nínú: Olúwa, rán ẹyọ kan ṣoṣo.

A yí sẹ́yìn igi kẹta, níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé. Àfòpiná bò ó! Ìyẹ́ wọn dà bí ewé gbígbẹ, ojú wọn ń pọ́n bí ẹyin iná, wọ́n na ahọ́n gígùn sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Dádì, Olóṣùpá nìyẹn!" mo kígbe. "Ẹ wo àmì funfun roboto lápá ẹ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ kéékèèké méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀!"

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù iṣẹ́ rẹ̀. "Èyí ńkọ́? Tọ̀hún ńkọ́?" Mo ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Nínú òtútù yìí? Ta ló ń bọ́ wọn?"

"Ọlọ́run ni," ìyá ní. "Èmi kàn fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún un ni."

Lójijì, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá mi rẹ ohùn sílẹ̀. "Áà, òtútù ti pa á."

"Rárá o," ìyá ní. "Kì í ṣe òtútù, kì í ṣe ẹ̀rù. Ó ń gbọ̀n kí ara ẹ̀ lè gbóná ni. Ṣáà máa wò ó."

Ó gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó gbéra! Ó fò kọjá orí bàbá mi, ó kọjá òrùlé, ó wọnú òkùnkùn lọ. "Halelúyà!" ni díákónì ké, tí ajá àdúgbò fi ń gbó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, màmá mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní, "Ta ló gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹrà sínú kíṣìnnì mi?" Bàbá mi ní, "Má fọwọ́ kàn án o, oúnjẹ àlejò ni."

Ìyá ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró ka Bíbélì Yorùbá níwájú ìjọ, ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé ìwé ń mì. Mo rẹ́rìn-ín. Ara mi ló ń gbóná. Mo la ẹnu, ohùn mi sì gbéra.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ara yín bá ń gbọ̀n lónìí, kí Olúwa jẹ́ kó jẹ́ gbígbọ̀n ẹni tó fẹ́ fò. Àmín.