Ta Ló Kọ́ Làdí ní Oríkì Màmá Mi?

Ta ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Àbújá tá a wà yìí?

Màmá mi ń dá gbé ní Dutse Alhaji, wọ́n kọ̀ láti wá bá mi gbé ní Kado. Ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn àgbàlagbà lọ́wọ́ nínú ilé wọn ló rán Làdí, ọmọbìnrin Hausa kan, sí wọn. Ó ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, kò gba kọ́bọ̀. Ara mi ò gbà á rárá.

Lónìí, mo yọ sí wọn láì pè tẹ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn Làdí:

"Sànnu, Àṣàkẹ́!"

Àṣàkẹ́ kẹ̀! Ọmọ tí Yorùbá rẹ̀ ò ju "ẹ káàárọ̀" lọ! Màmá mi sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Mo já wọlé. "Ta ló kọ́ ẹ ní oríkì yẹn? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Màmá mi ló dáhùn: "Èmi ni mo kọ́ ọ. Gbogbo àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ti kú tán. Àbí ìwọ ọmọ mi lo máa pè mí ní Àṣàkẹ́?"



Mo ṣì ń ṣọ́ Làdí o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló kù tó ń fi oríkì pe màmá tiyín?